Fóòmù Mẹ́tàdínlógójì

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé Tó Kọjú sí Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi kejì,

Mo kí yín o, mo tún yín kí. Ṣé ara le? Ṣé èjìká tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ní òun ò lọ síléèwé mọ́ láyé òun? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó ní kí n má fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nínú lẹ́tà yìí bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó kúkú mọ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń wá nínú ìwé yìí ò ju ọ̀kan lọ: ṣé owó ti jáde? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù parí. Tó bá parí, ẹ̀rọ ìránṣọ yín tí ẹ torí owó ilé mi fi dógò lọ́wọ́ aránṣọ àdúgbò yín yẹn ti di tiẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀. Kò sí àárọ̀ tí mo jí tí mi ò ka ọjọ́ tó kù. Èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi ṣèlérí pé kọmíṣọ̀n mi, owó tó yẹ kí ilé iṣẹ́ yọ fún mi lórí gbogbo fóòmù ìsùn tí mo bá wọn tà, ni mo máa fi gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe lọ. Mi ò ní fi ọ̀kan pe méjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wa àtijọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ-Padà-Lọ́la tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ní kí n padà lọ́la. Mo padà lọ́la. Ó ní òun ò ní ọ̀la yẹn lọ́kàn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó sórí ọ̀kan nínú fóòmù tí wọ́n tò síwájú, pẹ̀lú ọ̀rá lára ẹ̀, mo ní mi ò dìde. Bí oníbàárà bá ti wọlé, màá kí wọn káàbọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, màá ní fóòmù yìí dára o, àfi pé àwọn tó ń tà á kì í rówó wọn gbà. Nígbà tí oníbàárà kẹta yí padà, wọ́n sáré pè mí wọlé.

Akọ̀wé owó ló dá mi lóhùn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwa òǹtajà la ní nọ́ńbà tiwa níbẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ tèmi fún odidi oṣù méje ò tó nǹkan. Mo ní, "Mẹ́tàdínlógójì tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn rà ńkọ́? Èmi ni mo tà á."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Bùrọ̀dá, nọ́ńbà olóògbé ló wà lórí ẹ̀. A ti san án fún ìyàwó ẹ̀."

Ẹ̀bi tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rántí Dùbúlẹ̀-Wò, ọ̀rẹ́ mi tó bá mi wá sílé yín lọ́dún tí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù? Òun ló ní kí ẹ gbé fóòmù kan sẹ́yìn ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ lè máa sùn tí oníbàárà bá pẹ́ dé. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Kò sẹ́ni tó wọ ilé ìtajà wa tí kò ní sọ fún pé, "Ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó ná," òun fúnra ẹ̀ á sì kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ síwájú wọn. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Òun ni olóògbé tí akọ̀wé owó ń wí.

Nígbà tí àìsàn kíndìnrín mú un, kò lè dúró pẹ́ mọ́. Òfin ilé iṣẹ́ wa sì ni pé ẹni tí kò bá tà tó iye kan fún oṣù mẹ́ta léraléra, kó máa lọ sílé. Tó bá sì lọ sílé, káàdì ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ ń san owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ló bá di pé tí mo bá ta márùn-ún, màá kọ méjì sí nọ́ńbà ẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ṣe é fún ara wa. Tí wọ́n bá wá san kọmíṣọ̀n, ẹni tí a yá á dá a padà fún ẹni tó yá a. A kì í kọ ọ́ síbì kankan. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́? Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì yẹn wá ra mẹ́tàdínlógójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ pátá ni mo kọ sí nọ́ńbà ẹ̀, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀ kó gbájú mọ́ ìtọ́jú. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ẹ̀, ó kú.

Àwa tó wà láàyè, wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsan gbèsè tí wọ́n jẹ wá. Ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n níwájú òkú, wọ́n sáré san tiẹ̀ fún opó ẹ̀.

Akọ̀wé owó yẹn kì í ṣèkà o. Ó fún mi ní ìwé kan, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olóògbé kọ́ ló ta ọjà òtẹ́ẹ̀lì, kí n fọwọ́ sí i, pé ìkọ̀wé ọwọ́ mi tó wà lórí rìsíìtì á jẹ́rìí mi. Owó mi á jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo bi í pé níbo lowó náà á ti wá. Ó ní owó àjẹmọ́nú olóògbé ṣì kù lọ́wọ́ wọn, inú ẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́, wọ́n á sì kọ̀wé sí opó náà pé ọkọ ẹ̀ gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe.

Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni mò ń rí, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ àtijọ́ ìyá wa pẹ̀lú èjìká tó ń dùn yín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sì fẹ́ kọ. Mo kàn ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún opó náà fúnra mi, kó má lọ jẹ́ pé ìwé ló máa bá a lójijì.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n wà báyìí, òun àti ọmọbìnrin ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó ta fóòmù títí ó fi kú, orí ẹní ni ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ń sùn. Ohun kan ṣoṣo tó wà lára ògiri ni ìwé kan nínú férémù, tí ilé iṣẹ́ gbé wá lọ́jọ́ ìsìnkú: òǹtajà tó ta jù lọ lọ́dún, fóòmù mẹ́tàdínlógójì lọ́jọ́ kan. Ẹnikẹ́ni ò ní kí ọmọ náà kà á. Ó kàn dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó kà á fún mi láti òkè délẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní bó ṣe ń kà á fún gbogbo àlejò nìyẹn. Ó ní, "Àìsàn yẹn gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, bùrọ̀dá, àmọ́ kò rí iṣẹ́ ẹ̀ gbà. Ìyẹn ni mò ń wò kí n tó lè dìde láàárọ̀."

Èmi tí mo lè ta ọjà fún ẹni tí kò fẹ́ rà, mi ò sọ ohun tó gbé mi wá mọ́. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo dìde. Ọmọ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi ta gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ kan?"

Mo ní, "Níṣojú mi ni."

Mo dá ìwé yẹn padà lọ́jọ́ kejì láìfọwọ́ sí i. Akọ̀wé owó ò bi mí léèrè. Ó ka ìwọ̀nba tó wà lábẹ́ nọ́ńbà tèmi fún mi, gbogbo ẹ̀ ni mo fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a fi máa gba ẹ̀rọ yín padà. Mo ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ bá mi bẹ aránṣọ yẹn kó fún wa ní oṣù méjì sí i. Tí kò bá gbà, mi ò ní lè dá a lẹ́bi.

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Èmi ò ní nǹkan kan lọ́rùn, ti ọrùn yín ni mo bọ́ fún ẹlòmíràn, mi ò sì tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú dáadáa, ẹ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi bó ṣe wù yín. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe kòńgẹ́ opó náà lọ́jọ́ kan, mo fi ìyá wa bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gbọ́.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún àbíkẹ́yìn pé kó má fi iléèwé ṣeré, pé èmi ló ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tún ní kí n kí yín, ó ti ka lẹ́tà yìí, ó ń nu ojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọ yẹn lẹ́nu ọ̀nà ò gùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ yín ni mo fi rà á.

                                        Èmi tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà,
                                        Aláròyé yín.