Eyín Góòlù tí Mo Gbé Ti Mẹ́kà Bọ̀

Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

Àlájà Ràfíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó yí ọ ká ní Ìwó. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti lè tẹ̀ ẹ́ ba láti kírun, àbí orí àga lo ṣì wà? Ọlọ́run Ọba á fún ọ ní àlàáfíà tó máa pẹ́ lára. Ní tèmi, ara mi le ju bó ṣe wà lóṣù tó kọjá lọ, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà. Nusaybah, ọmọ Dáúdà ọmọ mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ láti kékeré, ní òun á bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní rárá. Mi ò jókòó nílé ẹ̀kọ́ àgbà lásán. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ìwọ fi ẹnu rẹ tún un ṣe.

O mọ ìtàn eyín góòlù mi, torí ìwọ lo di ọwọ́ mi mú ní Mẹ́kà lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í sí mi lẹ́nu, kí èmi náà tó wá di tìrẹ mú. A jáde síta, à ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí a ò mọ̀ rí. Nígbà tí a padà dé Ìwó, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé a ti ṣe Háájì. A kàn ń la ẹnu ni. Tìrẹ ṣì wà níbẹ̀, mo rí i nínú fọ́tò Iléyá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

Nígbà òtútù tó kọjá ni eyín tó wà lábẹ́ góòlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi àkàrà há ẹnu. Dókítà eléyín wò ó, ó ní àfi kí òun yọ ọ́. Mo ní kó wá òmíràn yọ. Ó ní àwọn yòókù ò ṣe nǹkan kan. Mo ní ó dáa, mo gbé báàgì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ògì ni mò ń mu láàárọ̀, ògì ni mò ń mu lálẹ́. Dáúdà bẹ̀ mí títí ó fi sú u, ó ní, “Ìyá mi, eyín ni o, kì í ṣe Káábà.” Mo ní kó jáde ní yàrá mi.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un ni pé gbogbo góòlù tí mo ní tẹ́lẹ̀ ló ti lọ sórí ìrìn-àjò tó gbé òun fúnra rẹ̀ wá sí ìlú yìí. Eyín yẹn nìkan ló kù. Obìnrin wo ni kò lè ra jàlábíà kó sì wé ìborùn? Bí eyín náà bá kúrò, kí ni wọ́n á fi mọ̀ pé èmi Mìsítúrà dé ibi tí mo dé? Bẹ́ẹ̀ yìgì Nusaybah ti ń sún mọ́lé, òun àti Nasrullah, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Kátífọ̀ọ̀dù. Mi ò rí nǹkan kan nínú àpótí mi tí màá fi lé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Ìyẹn ń dùn mí ju eyín lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà àdúgbò wa máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn òpópónà Ráì Léènì. Wọ́n á fún wa ní tíì, ẹnìkan á sì wá bá wa sọ̀rọ̀. Tíì gbígbóná yẹn ni mo bá lọ lọ́jọ́ tí mò ń wí, mo fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òyìnbó obìnrin kan ló wá, ó ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin ààfin ilẹ̀ yìí, láti ayé Ayaba Fitóríà títí di ìsinsìnyí. Nusaybah ò lọ síbi iṣẹ́, òun ló jókòó tì mí tó ń túmọ̀. Ràfíátù, ojú mi rí nǹkan. Dáyámọ́ǹdì tó tóbi ju ẹ̀wà lọ, péálì ìlà lórí ìlà, òkúta aláwọ̀ ewé tó ń wò ọ́ bí ojú ológbò. Mo ní kó bi í níbo ni wọ́n ti rí wọn. Ó ní òmíràn Íńdíà, òmíràn Gúúsù Áfíríkà. Mo ní mo ti fura.

Obìnrin náà ní ọ̀nà méjì ni ọ̀ṣọ́ wọn pín sí. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba, bí wọ́n bá lò ó tán wọ́n á fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá tún gorí ìtẹ́. Èyí tó jẹ́ ti ara wọn ni wọ́n lè fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Mo fi ahọ́n kan eyín mi. Tèmi kì í kúkú ṣe ti ìjọba. Ó tún ní wọn kì í bẹ̀rù àtitú ọ̀ṣọ́ wọn palẹ̀. Wọ́n fún ìyàwó kan nínú wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, nígbà tó yá ó ní kí wọ́n tú u, ó fi ṣe adé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wá dé adé náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, adé ṣẹ́. Wọ́n gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wọ́n tún un ṣe, ìyàwó sì dé e jáde.

Lẹ́yìn náà ló fi nǹkan kékeré kan hàn wá, irú èyí tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há àyà aṣọ. Wọ́n ṣe é bí òdòdó ẹlẹ́gùn-ún, orí òdòdó náà sì funfun. Ó ní eyín ni. Eyín ènìyàn, eyín wàrà àkọ́kọ́ tó yọ lẹ́nu àkọ́bí Ayaba Fitóríà, tí bàbá ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Gbogbo gbọ̀ngàn kùn. Obìnrin tó jókòó níwájú mi gbé bísíkíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Ayaba mú eyín ọmọ, ó fi góòlù yí i ká. Èmi mú góòlù, mo fi bo eyín. Ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé kí dókítà yọ ọ́, kí n gba góòlù mi, kí n sì fi ṣe òrùka fún Nusaybah. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ yìgì ni yóò rí i.

Nusaybah ló sìn mí lọ yọ eyín náà. Mo ní kó dúró síta. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, mo sọ fún un ní Yorùbá pé mi ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgba eyín mi tòun ti góòlù orí rẹ̀. Ó fi tíṣù wé e, ó kó o sínú àpò ìwé kékeré, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Nígbà tí a délé, òwú kún ẹnu mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Mo gbé àpò náà sórí tábìlì ní kíṣìnnì, mo lo oògùn, oorun gbé mi lọ lọ́sàn-án gangan.

Ìgbà tí mo jí, àpò ò sí níbẹ̀ mọ́. Nusaybah bá jáde sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Màmá, mo ti bá yín ṣe é.” Mo bi í, kí lo bá mi ṣe? Ràfíátù, o rántí bí wọ́n ṣe máa ń ní ká ju eyín wàrà sórí òrùlé pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, ká sì sá wọlé kí alángbá má baà rí wa? Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì wa yòókù ń fi tiwọn sábẹ́ ìrọ̀rí, èmi ń mú un lọ síta níwájú ilẹ̀kùn wa lókè, kó ju tirẹ̀ sórí ilé kékeré ìsàlẹ̀ tí a ń kó ìdọ̀tí sí, tí òrùlé rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Ohun tó ṣe náà nìyẹn. Ó ṣa òkúta nínú ìkòkò òdòdó mi, ó ju gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àpò ìwé yẹn, ó dijú, ó sì sá wọlé. Inú rẹ̀ ń dùn pé òun ò gbàgbé. Ó ní, “Mo rò pé torí ẹ̀ lẹ ṣe gba eyín yẹn. Mo rò pé dókítà ti yọ góòlù yẹn kúrò kó tó wé e.”

Tòun ti òwú lẹ́nu mi, mo ní, “Nusaybah, ṣé o fẹ́ kí òmíràn hù sí mi lẹ́nu ni?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú mi. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi góòlù náà ṣe fún un. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, ó bú sẹ́kún. Mi ò lè bínú sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló lò.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Simeon, ọmọ Jàmáíkà tó ń tọ́jú ẹ́sítéètì wa. Ó ní káńsù tó ni ilé wa ò gbà kí òun gun òrùlé, àwọn tó ń gun òrùlé máa ń gba ìwé àṣẹ, ó di ọjọ́ Ajé. Ojú ọ̀run ti ṣú, ẹyẹlé sì ń rìn káàkiri orí òrùlé náà bí onílé. Mo ní kí Nusaybah gbé àga wá. Mo jókòó ti ilé ìdọ̀tí yẹn nínú ìró àti kóòtù, mo ní ọjọ́ Ajé á bá mi níbẹ̀. Simeon wò mí, ó bi Nusaybah kí ló wà lókè tó le tó báyìí. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ìyá ìyá òun náà ní eyín góòlù, pé wọ́n sin eyín náà mọ́ ọn, ìyá òun ò sì tíì dákẹ́ lórí ẹ̀ dòní. Ó lọ gbé àkàsọ̀.

Dáúdà dé láti ibi iṣẹ́, òun ló di àkàsọ̀ mú. Simeon ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ju bàtà ọmọdé kan, ó ju ìbọ̀sẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo ń ṣe àdúrà lábẹ́ ètè, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ sókè. Ó wá ké láti òkè pé òun ti rí i, ó gbé àpò náà sókè kí n lè rí i. Inú àga yẹn ni mo ti sọ pé àlùámúdùlílà títí ohùn mi fi há.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ibi tí omi òjò ń gbà jáde lòun ti rí i, láàárín ewé tó ti jẹrà, ìdì kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù dì. Mo mọ ìdì yẹn kó tó dé ọwọ́ mi. Bí mo ṣe ń di iyọ̀ nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tí Nusaybah kékeré ń sunkún pé eyín òun á tutù lórí òrùlé, tí mo fi ya ọ̀rá báàgì, mo dì í fún un, kó tó jù ú. Mo tú u. Eyín wàrà náà wà níbẹ̀, kékeré bí ìrẹsì, ó ṣì funfun. Nusaybah mú un, ó fi ahọ́n kan ibi tó ti yọ lẹ́nu rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ góòlù kan wà ní Ráì Léènì, ará Pakísítáànì, onísùúrù ènìyàn. Ó yọ góòlù kúrò lára eyín tó bàjẹ́, ó ní kò pọ̀. Mo ní kó fi ohun tó wà ṣe é. Ó ṣe òrùka fún Nusaybah, tín-ín-rín bí okùn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nusaybah ló ti lọ bá a lẹ́yìn mi, tó ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù, kó fi yí eyín wàrà yẹn ká, kó fi pín-ìnnì sí i. Láàárọ̀ yìgì, ó fi há ìborùn mi. Ó ní, “Màmá, ayaba ló máa ń lo eyín ọmọ.” Mo ní kó má ba tìróò ojú mi jẹ́.

Nígbà tí a dé mọ́sálásí, ọwọ́ ni mo fi bo ẹnu wọlé torí àlàfo yẹn. Obìnrin tó ń gba bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí mi ò rí rí, kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Àlájà.” Mi ò tíì la ẹnu o, Ràfíátù. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo rẹ́rìn-ín sí i tàlàfo-tàlàfo, mo sì wọlé lọ rí bí wọ́n ṣe so yìgì ọmọ mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé wọn tùbà kó tùṣẹ. Á jẹ́ kí ìwọ náà fi ojú rí ayọ̀ àwọn tìrẹ. Orúnkún yẹn á san, ẹ̀mí wa á gùn, a ó sì tún fi ojú kan ara wa ní Ìwó kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dàgbà ju ìrìn lọ. Kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó di ọwọ́ rẹ mú ní Mẹ́kà,
Àlájà Mìsítúrà Àjíṣafẹ́.

Mo tún rántí: bí tìrẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe fún gbogbo ará ilé kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Òrùlé yín ga ju tiwa lọ, kò sì sí Simeon ní Ìwó.