Ọ̀nà Tí Bàbá Rẹ Júwe Láti Èbúté

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹni tó ń gbé yàrá òkè orí rẹ ti jẹ́ kí o máa sùn? Ọlọ́run tó mú ọ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní àlàáfíà lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Àwa náà wà, a ò wà, ilé dákẹ́ jù. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, adìẹ funfun ti pa ọmọ mẹ́fà, ìkan ń tiro.

Nígbà ìsìnkú, o ní kí n sọ bí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ wá ṣe lọ, mo sì dá ọ lóhùn pé èrò ti pọ̀ jù nílé. Fóònù náà ò ṣeé sọ ọ́, ó máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu níbi tí ẹkún bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń tún yàrá ṣe kì í yà lọ́dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó fi máa yà lọ́tẹ̀ yìí, bàbá rẹ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù inú ìlú àtijọ́, dókítà sì ti fà mí sí kọ̀rọ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ rí i máa bọ̀. Bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀, ló bá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì láti èbúté lọ sí ìlú àtijọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn èrò ń pè é ní Rọra nítorí kì í sáré. Ó ní ká má dá àwọn onítakisí ẹnu géètì lóhùn. Ó ní ká yà sọ́wọ́ òsì, ká gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kọjá, ká dúró lábẹ́ igi ńlá, bọ́ọ̀sì yóò gbé wa dé ẹsẹ̀ odi ìlú. Ó ní kí n tún un sọ fún òun lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ iléèwé.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbé mi dé èbúté láàárọ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ na fọ́ọ̀mù sí mi. Wọ́n ní kí n kọ ọkọ̀ tí mo bá wá, mo kọ ọkọ̀ búrẹ́dì. Wọ́n ní nọ́ńbà yàrá, mo kọ méjì, mo fi pálọ̀ kún un kí wọ́n má baà fojú di wá. Obìnrin náà kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní Ìyá, fọ́ọ̀mù àwọn àlejò inú ọkọ̀ ni, ẹ kàn jókòó.

Àwọn tó sanwó ló kọ́kọ́ jáde. Aago mẹ́wàá kọjá kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó yọ. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí ọṣẹ. Ó ní òun gbọ́dọ̀ padà kí aago mẹ́ta tó lù, àmọ́ aago mẹ́ta tinú ọkọ̀ ni o, aago méjì ni lọ́dọ̀ wa. Mo bi í pé ṣé oòrùn tiwọn yàtọ̀ ni. Ó ní ọ̀gá ọkọ̀ ló ń yan aago. Mo ní ẹni tó lè pàṣẹ fún aago, kí ló dé tí kò lè fi wákàtí kan ta ọmọ mi lọ́rẹ? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ, iṣẹ́ náà á sì lọ.

A yà sọ́wọ́ òsì. A rí ilé ìkẹ́rùsí. Igi ò sí mọ́, wọ́n ti da ọ̀dà síbẹ̀, mọ́tò èèyàn ló kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká bi ẹnì kan. Mo ní rárá, igi ni wọ́n gé, wọn ò gé bọ́ọ̀sì, bàbá rẹ ò sì ṣìnà rí lójú ọ̀nà yẹn. A jókòó lórí òkúta. Ó ń wo aago, mo ń wo títì. Ó lé ní wákàtí kan kí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ tó bi wá ohun tí à ń dúró dè. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí bọ́ọ̀sì yẹn ti dáwọ́ dúró, pé rélùwéè ló kù, ọwọ́ ọ̀tún géètì ló sì wà. Ọmọ mi, ẹ̀yìn ibi tí mo jókòó sí láàárọ̀ ni.

Ẹ̀rọ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ó fi ohùn obìnrin kí mi, mo kí i padà, mo sọ fún un pé ara ọkọ mi ò yá, kó jọ̀ọ́ ṣe kíá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ odi, mọ́tò kì í wọ inú ibẹ̀, la bá ń gun àtẹ̀gùn òkúta láàárín àwọn tó ń ya fọ́tò. Àwọn èrò inú ọkọ̀ wọn ni. Ìkan nínú wọn dá ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀, ó dá a dúró, ó ní tó bá padà kó má gbàgbé láti fi táwẹ̀lì kún tòun. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ó dáa, mà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ogún ìṣẹ́jú ló ṣẹ́ kù fún wa nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Ó ti ní kí nọ́ọ̀sì fá irùngbọ̀n òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e láyà. Ohun tí bàbá rẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé a rí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló dáhùn.

“Òun la wọ̀ wá, Bàámi.”

Ó ní ta ló ń wà á báyìí.

“Àgbàlagbà kan ni. Ó ń rọra.”

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó di ojú. Ó ní, “Abájọ tí ẹ fi pẹ́.”

Òun náà ló lé e dìde nígbà tí àkókò tó, ó ní ọkọ̀ ò mọ ọmọ ẹnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ló dákẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọ: wákàtí tí mo fi jókòó lórí òkúta yẹn, nínú àkókò tó kù fún àwọn méjèèjì ni mo ti jẹ ẹ́.

Mo tún ṣe nǹkan mìíràn. O ní kí n má tíì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀, mi ò gbọ́. Bí ẹ ṣe lọ tán, mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé bàbá rẹ ti sùn. Àmì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di òní. Apoògùn àdúgbò wa ní wọ́n ti wà láàárín agbami níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmì kejì á yọ. A jẹ́ pé ó ṣì ń fò lórí omi, kò tíì rí ibi bà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ kó má tíì bà. Mi ò fẹ́ kó bá a nínú yàrá ẹlòmíràn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, láìsí ẹni tó máa dì í mú. Tí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ padà, jọ̀ọ́, bá mi pè é padà.

O ní ọkọ̀ wọn máa yà sí èbúté ìlú rẹ lóṣù tó ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè wà níbẹ̀. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ wọn ní káàdì mi ti kú, ikú tí mo rí lọ́dún yìí sì ti tó mi. Ẹni tó bá ń bọ̀ ni kí o fi rán. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ á gbè ọ́ níbi tí o wà. Ibi tí ayọ̀ bá ti ń dúró dè ọ́, o ò ní pẹ́ kí o tó dé ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.