Lórí Kọ̀ǹpútà Àbúrò Rẹ Tí O Ní Kí N Tà

Àkọ́bí mi, ìwọ tí o kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ìrọbí kì í ṣe àwàdà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí ẹ máa ń fi fóònù gbé ojú wọn hàn mí láìjẹ́ kí n gbá wọn mọ́ra. Ṣé ẹ wà dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní fi ẹkún kún ẹkún wa. Bí o bá ń béèrè wa, bàbá rẹ ń mí, èmi náà ń mí, ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú, òrùlé yàrá ẹ̀yìn sì ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì tí o máa ń sùn nígbà tí o ṣì máa ń wá sílé. Mi ò bá ọ jà o, ohun tó ń jò ni mo ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ ló fa lẹ́tà yìí. O ní kí n tà á, pé ẹrù òkú nínú ilé kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé fóònù rẹ̀ sọnù sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí a gbé e lọ, gbogbo fọ́tò rẹ̀ sì bá fóònù lọ. Ẹyọ kan tó kù ni ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n yà tó fi dà bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Ojú ọmọ mi ti ń ṣá lọ́kàn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó, mo ń wá bí imú rẹ̀ ṣe rí, mi ò rí i, ẹ̀rù sì bà mí ju ti ọjọ́ tó kú lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé gbogbo fọ́tò òun wà nínú kọ̀ǹpútà tí òun fi ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun fẹ́ gba yàrá òun, a fi bárò gbé ẹ̀rọ náà wálé, mo fi ìró mi bò ó kí eruku má baà kó sí i. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ gidi, mo tàn án. Kò tíì jí tán tó fi yọ àpótí funfun kékeré kan sójú gíláàsì, pé kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wo ló wà láàárín èmi àtiẹ̀? Mo tẹ orúkọ mi, ó ní rárá. Mo tẹ ti bàbá rẹ, ó ní rárá. Mo wá fara balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé èmi ni ìyá rẹ̀, èmi ni mo bí i. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Mo ní bóyá bí ti báǹkì ni, mo fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì, àfi òróró ọwọ́ mi tó hàn níbẹ̀. Mo mú ìwé ìbí rẹ̀ jáde, mo nà án sí i lójú. Nígbà tí kò dáhùn, mo mú ìwé tí ilé ìwòsàn fún wa pé ó ti kú, mo gbé òun náà síwájú rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí òun ń ṣọ́lé dè kò ní wá mọ́. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Láti ọjọ́ ìsìnkú kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ní bóyá ọmọ náà kò fẹ́ ká wọlé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ọmọ tí mo nu ìdí fún, tí mo fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀, kí ló ní tó ń tì mọ́ mi?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ wa lọ, wáyà lórí wáyà, ẹnu ló sì fi ń fẹ́ eruku bí ẹni ń fẹ́ná. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó fi pátákó aláwọ̀ ewé kan hàn mí, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù nìyẹn, ìyá gbogbo wọn. Ó ní ẹnì kan ń gbé lára ìyá yìí tí wọ́n ń pè ní báyọ́ọ̀sì, òun ló máa ń kọ́kọ́ jí. Bó bá ti jí, á máa pe àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ tó ń rántí nǹkan, ṣé o wà níbẹ̀, ìwọ tó ń kó ẹrù pamọ́ ńkọ́, kíbọ́ọ̀dù ńkọ́. Bí ẹnì kan tó ṣe kókó kò bá dáhùn, á figbe ta, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Mo ní abiyamọ gidi nìyẹn. Èmi náà ń pe tèmi láràárọ̀, ẹnì kan kò dáhùn, wọ́n sì ní kí n dìde kí n lọ dáná.

Ó ní báyọ́ọ̀sì yìí kan náà ni ọlọ́dẹ, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lẹ́nu èèyàn kó tó jẹ́ kó wọlé. Mo bi í pé ṣé àbúrò rẹ ló kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ìyá òun wọlé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, pé nítorí àwọn olè tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù ni àwọn èèyàn fi ń ṣe é, pé ọlọ́dẹ yìí kò mọ ìyá, kò mọ olè, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló mọ̀. Ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́, ṣebí òun àti ọlọ́dẹ ti mọra, ó ní kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà kan ló ní ó kù. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù wà lára ìyá náà, òun ni kì í jẹ́ kí ọlọ́dẹ gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ. Bí òun bá yọ ọ́, tí òun dúró díẹ̀, ọlọ́dẹ á gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní bó bá gbàgbé ọmọ mi pẹ̀lú ńkọ́? Ó ní ọ̀tọ̀ ni ibi tí fọ́tò wà, pé kí n fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi, dókítà ti ilé ìwòsàn náà ní ká fọkàn balẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo gba ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sílé. Ṣùgbọ́n imú nìkan ni mo gbàgbé tẹ́lẹ̀, ó di ojú, ó di ẹnu, ó wá ku díẹ̀ kó máà sí nǹkan kan tó kù. Mo padà lọ, mo ní kó yọ ọ́.

Ó yọ ọ́. A dúró. Ó dá a padà, ó tàn án, ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan, ó pe àwọn ará ilé rẹ̀, gbogbo wọn dáhùn, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àbúrò rẹ bá yọ. Ó gba gbogbo ojú gíláàsì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o rà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Imú bàbá rẹ ni. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, mo sunkún débi tí Dókítà fi jáde, ó fi yàrá sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tó padà wọlé, ó fi ìka kan igun kan nísàlẹ̀ gíláàsì, ó ní kí n má bínú, ọlọ́dẹ ti gbàgbé ọjọ́ náà pẹ̀lú, ó rò pé ọdún tí wọ́n ṣe òun la ṣì wà. Mo ní ọdún wo nìyẹn, ó sọ ọ́. Ọmọ mi, lọ́dún yẹn, àbúrò rẹ ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé mi, ìwọ ń purọ́ bò ó, èmi ń lé ẹ̀yin méjèèjì kiri àgbàlá. Kò sí ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé wa. Dókítà ní bátìrì náà ti gbó, yíyọ tí òun yọ ọ́ ló pa á tán, pé kí n ra tuntun kí òun bá mi tún ọdún ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni yóò máa padà sí ọdún yẹn.

Nítorí náà, owó tí wàá fi ránṣẹ́, fi ti páànù sí i, fi ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ sí i, bí ó bá ṣẹ́kù, fi wọkọ̀ wá wò wá. Má fi ti bátìrì sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tún ọdún yẹn ṣe. Bàbá rẹ ló ń tàn án láràárọ̀ báyìí, á gbé àga síwájú rẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. O ò ní fi ojú rẹ wá ojú ọmọ rẹ tì. Ìwọ ni wàá sin mí, mo bẹ Ọlọ́run, ìwọ ni wàá sin mí.

Èmi ni, ìyá ẹ̀yin méjèèjì.