Èérún Igi Tí Mo Fi Omi Gbígbóná Fọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ò ń sùn dáadáa, ṣé ò ń jẹun yó? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àdúrà yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, nítorí látìgbà tí o ti pè pé ọ̀gá rẹ ò rí ṣúgà kankan nínú igi tí mo fi ránṣẹ́, tó sì ní o fi àkókò òun ṣòfò, pé bóyá kí o máa lọ sílé, ni mo ti ń gbà á tọ̀sán-tòru.

Igi ò jẹ̀bi. Èmi ni.

O ní kí n kó èérún igi líle ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, pé ẹ̀ ń fi omi gbígbóná fa ṣúgà inú rẹ̀ jáde níbi ìwádìí yín. Mo wò ó pé ta ni yóò kó ìdọ̀tí ilẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa ní ilé ọ̀bùn lo ti wá? Ni mo bá gbé ìkòkò ńlá ìyá rẹ kaná, mo dé e pa, mo se èérún náà láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo sá a, ó mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì, mo dà á sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, èèrà ti bo ibẹ̀ bí ẹni ń ṣèpàdé, mo sì da eérú lé wọn lórí.

Nígbà tí o pè, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tọ́ ṣúgà wò ni mo di ẹ̀bi rù, mo ní bóyá ó lo egbògi kíkorò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ ló ní, Káfíńtà, èèrà ti jẹ ṣúgà ọmọ rẹ tán.

Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé girama ni mo ti ń gbá èérún dànù, mi ò mọ̀ pé nǹkan dídùn wà nínú ohun tó le tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo tún ti fọ̀ dànù nílé yìí, kó lè mọ́ lójú ará ìta.

Dẹ́rẹ́bà tó ń kó pákó ń gbé àpò mìíràn bọ̀. Mi ò fọ̀ ọ́. Bí ìṣó bá wà níbẹ̀, ẹ ṣà á. Ìyá rẹ ní kí o fi owó ìkòkò ránṣẹ́, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ìdí tiẹ̀ bí oje, kò ṣeé ha. Báwo lẹ ṣe ń fọ tiyín?

Kí Ọlọ́run fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tó ní sùúrù. Fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá rẹ.

Ọ̀gá, bí ẹ bá ti kà á débí, ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fi ránṣẹ́ lọmọ yìí gbé fún yín.