Ìbò Ìsàlẹ̀ Odò Kò Ní í Wọ Àpò Lọ́yà

Àgbówà,
Oṣù Kẹsàn-án, 1951.

Bísíríyù ọmọ mi,

Àlàáfíà kó bá ọ nílé àti níbi iṣẹ́. Bí omi ọ̀sà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ tí kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa lọ tí wàá máa bọ̀. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ṣùgbọ́n òrùlé yàrá rẹ ti ń jò.

Ìwé tí o fi dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìbò ti dé, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò yé ọ tó, jẹ́ kí n tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ dìbò fún ẹni tí yóò jókòó fún wa nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn. Ìsàlẹ̀ Odò yan èmi, wọ́n ní Láwàl tíṣà làwọn fẹ́. Àwọn àdúgbò yòókù, Lọ́yà Fẹ̀hìntọlá ará Ìkòròdú ni wọ́n fẹ́. Kí n má purọ́ fún ọ, Lọ́yà ló wu èmi náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wúkọ́ bíi tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò rán mi ní ohun tó wù mí.

Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, alága ìpàdé wa, ṣe wọ kóòtù nínú oòrùn, tó ní àdúgbò tó fẹ́ Lọ́yà ló pọ̀ jù, nítorí náà Lọ́yà ni kí gbogbo wa dìbò fún, kí ohùn ìlú lè wúwo. Mo bi í pé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ṣebí ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún, tí ìyàwó ọlọ́mọ kan gba ìpín kan náà pẹ̀lú ìyálé ọlọ́mọ mẹ́fà? Ta ló kó gbogbo rẹ̀ fún ìyálé kí ogún lè wúwo? Ó ní ìbò kì í ṣe ogún. Kúlúsúmù tó ń yan ẹja ní tòsí wá ké sí i pé kó yáa kó kúrò nínú ilé tó ń gbé nígbà náà, ṣebí Ògúnsànyà nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí, ìdí-igi ló sì fi gba ilé náà. Ẹ̀rín tú ìpàdé ká.

O kọ̀wé pé ẹnìkan ṣoṣo ni Ìbàdàn ń gbà. Kí ló dé? Kí Lọ́yà máa lọ nígbà òjò, kí Láwàl máa lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a ti ń gba oko mọ́ṣáláṣí ro ní àsìkò-àsìkò. Bí àga bá jẹ́ ẹyọ kan, ṣé kò sí káfíńtà n'Íbàdàn ni? O tún ní kí n sọ fún Ògúnsànyà pé mo ti gbà, kí n wá dìbò fún Láwàl, torí inú kọ̀rọ̀ ni àpótí ìbò wà, kò sẹ́ni tó máa rí mi. Bísíríyù, ṣé mo jalè ni? Gbangba ni wọ́n ti rán mi, gbangba ni n óò ti jíṣẹ́. Bí wọ́n bá ta aṣọ síwájú àpótí, n óò ká a sókè, n óò pe orúkọ Láwàl kí gbogbo Ẹ̀pẹ́ gbọ́, kí n tó ju ìwé sínú rẹ̀.

Nítorí èyí, Ògúnsànyà ní n kò ní í wọ ọkọ̀ ojú omi tí Lọ́yà háyà fún wọn. Mo ní kó máa gbé e lọ. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Má gbé e gba báńkì o, mo gbọ́ pé ńṣe ni wọ́n ń da owó gbogbo ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, kí tèmi má baà di ti ẹni tó ní púpọ̀ jù. Bí owó náà kò bá tètè dé, n óò fi ẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀pẹ́.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí wọ́n rán ọ níṣẹ́ kan kí o lọ jẹ́ òmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yísà Sàlàkọ́.