Ó Dàárọ̀, Dókítà: Ìgbésí Ayé Bàbá Tí Kì Í Sọ Pé "Sùn Re"

Ọdún 1939 ni wọ́n bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Télọ̀ ọmọ télọ̀ ni bàbá wọn. Tíṣà ni ìyá wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ojú wọn nìkan tó láti mú kíláàsì dákẹ́. Kí olóògbé tó mọ̀wé kà ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ní 1945, wọ́n wọ ilé ìwé tí ìyá wọn ti ń kọ́ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹjọ́ wọn máa ń délé ṣáájú wọn. Wọ́n kọ́ṣẹ́ dókítà parí ní 1965, wọ́n sì yan iṣẹ́ abẹ. Kò sí oníbàárà tí bàbá wọn ò sọ ọ́ fún: "Iṣẹ́ kan náà lèmi àtọmọ mi ń ṣe. Tèmi nìkan ló máa ń ní 'ẹ padà wá lọ́la.'"

Ọdún 1968 ni wọ́n gbé màmá àgbà kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí kókó tó wà níkùn wọn. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun ti múra tán. Dókítà, tó fẹ́ ṣe dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sétí Màmá, wọ́n ní, "Ẹ sùn re o, Mà."

Màmá lajú. "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ sùn re ni, Mà."

"Ta ló kú? Èmi tí mò ń mí lò ń kí báyẹn?"

Kí nọ́ọ̀sì tó lanu, Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá bàtà wọn, ó di ilé.

Ọ̀rọ̀ kọjá eré. Dókítà mọ̀ pé bí kókó náà bá pẹ́ sí i níkùn, ẹ̀mí Màmá ni yóò gbà. Wọ́n tọ Màmá lọ sílé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tòun ti kóòtù funfun. Màmá ò wojú wọn. Abíkẹ́yìn Màmá, ọmọge tó ń ka ìwé wò fún àṣìṣe nílé ìtẹ̀wé, ló gba Dókítà sílẹ̀. Ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ. Ó dàárọ̀ ni kí wọ́n kí yín. Ẹni tí wọ́n bá kí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń retí ẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn."

Màmá padà. Dókítà sì sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan: "Ó dàárọ̀, Mà." Màmá dáhùn: "Kí Ọlọ́run jí wa re." Màmá jí, wọ́n sì gbọ́mọ-ọmọ pọ̀n. Ọmọge ẹlẹ́rìn-ín yẹn ni Dókítà gbé níyàwó ní 1970.

Láti ọjọ́ náà, "sùn re" kúrò lẹ́nu olóògbé, kódà fún àwa ọmọ nínú ilé. Dókítà Ó-Dàárọ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè wọ́n. Bí aláìsàn kan ò bá jí, wọn kì í rán nọ́ọ̀sì sí ẹbí rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lọ jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í lè jẹun nílé.

Wọ́n di ọ̀gá àgbà ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní 1982, wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2004. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó nílé ìjọsìn, kí wọ́n lè tètè jáde bí ilé ìwòsàn bá pè. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àárò òórùn ọṣẹ ọwọ́ wọn ń sọ wá, àti súfèé tí wọ́n ń sú bọ̀ láti ẹnu géètì. Bọ́tìnì tí Bàbá bá rán mọ́ yúnífọ́ọ̀mù wa kì í já. Aṣọ ló ń gbó kúrò lára ẹ̀.

Oṣù tó kọjá, nínú ilé wọn, Bàbá dákẹ́ lọ́sàn-án, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Mọ́mì wa, ọmọge ẹlẹ́rìn-ín ọjọ́sí. Láti ìgbà náà, Mọ́mì ò sunkún, wọn ò sì dágbére fún ọkọ wọn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Nígbà tí a gbé ìwé ìsìnkú yìí wá fún wọn kí a tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n kà á dé ìparí, wọ́n béèrè bírò pupa.

"Ta ló kọ 'Sùn re o' síbí?"

"Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Fún ọkọ ta ni?"

Wọ́n fagi lé e. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú wọn, tí wọ́n sunkún títí ara fi tù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó parí ìwé yìí fúnra wọn.

Olóògbé fi aya sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, tíṣà, àti télọ̀ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àti ọ̀pọ̀ dókítà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́.

Ó dàárọ̀, ọkọ mi. Kí Ọlọ́run jí wa re.