Omi tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun

Yèyé mi, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí ẹ tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ fọganáísà ní Ọ̀tan, síbẹ̀ àwọn tó kàwé jáde ló ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlá lónìí. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í yangàn, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́kadà kan láti Ọ̀rà dé ibí tí ọwọ́ mi kò tíì ba táyà rẹ̀. Ilé alájà méjì tí mo kọ́, afẹ́fẹ́ ló kọ́ ọ.

Bọ́láńlé, ọmọ mi tí ẹ pọ̀n, ti di dókítà àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe, bí ọmọ tuntun tí kò lè mí dáadáa yóò ṣe mí. Mo máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, tèmi táyà, tirẹ̀ ènìyàn.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi tó kéré jù bímọ ṣáájú àsìkò. Ọmọkùnrin ni, kò ju ọmọ ẹyẹlé lọ. Bó bá ti mí, á kérora, àyà rẹ̀ á wọnú. Mo mọ ìró yẹn, Yèyé. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá yín nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé Bọ́láńlé wà nílé. Ní ilé ìwòsàn, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bọ ihò imú ọmọ náà, ó ri ẹnu kejì rọ́bà náà sínú ìgò omi, ni afẹ́fẹ́ bá ń mú omi hó. Ó jáde lọ fọwọ́. Mo wo ìgò náà. Ẹni tó bá ti ri túùbù bọmi rí mọ ohun tí omi tó ń hó ń sọ: ó ń jò! Afẹ́fẹ́ ọmọ ọmọ mi ń ṣòfò lójú mi. Mo fi ìka méjì fún rọ́bà náà pa. Omi dákẹ́. Inú mi dùn.

Bọ́láńlé já wọlé: "Bàbá! Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Láti ìgbà tí ẹ ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà tún fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá onítáyà, eléyìí kì í ṣe ọ̀kadà o." Mo fi í sílẹ̀. Omi tún ń hó.

Nígbà tí ara Bọ́láńlé balẹ̀, ó ṣàlàyé. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì ní ohun tí kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Omi inú ìgò yẹn ló ń dá afẹ́fẹ́ díẹ̀ dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró náà. Bí omi bá dákẹ́ ni kí èèyàn bẹ̀rù. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni ó kàwé tó báyìí lé lórí? Túùbù tuntun tí a bá ká pamọ́ láìfi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, ṣebí á lẹ̀ mọ́ra ni. Ó wò mí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló ń fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì báyìí.

Àbúrò mi tó kú lọ́jọ́ kẹta nínú yàrá yín, oṣù tirẹ̀ náà kò pé. Èmi ni mo sáré sọ fún agboolé pé ẹ ru obì wálé láti oko lọ́jọ́ tí ẹ rọbí. Wọ́n di ọ̀rọ̀ yẹn mú, wọ́n ní ẹrù obì lẹ fi pa ọmọ. Ẹ kò sì ru obì mọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń yíjú padà bí ọmọ tuntun bá ń sunkún?

Mo bi Bọ́láńlé. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹrù ni. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò gbó ló ṣe é, kò sì sí irú ìgò omi yẹn ní Ìlá nígbà náà.

Ọmọ náà ti ń mí fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà, mo fi etí lé àyà rẹ̀, bí mo ṣe ń fi etí lé táyà. Kò jò.

Mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ obì yẹn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí ẹ kò bá wí lọ́jọ́ náà.